Ìyẹ̀fun Pákó Lọ́jọ́ Àìkú

Bàbá mi kò sunkún nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.
Ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ àwọn agbẹ́lẹ̀,
ó ní wọn kò mọ ilẹ̀ gbẹ́.
Kò sunkún nígbà tí ayùn gé ìka rẹ̀ méjì
níbi ìlagi tó wà lọ́nà Oǹdó;
ó fi àkísà dì í,
ó bi ọ̀gá rẹ̀ pé ta ni yóò wá parí igi àfàrà yẹn.
Gbogbo Òkè-Àró ló mọ̀ ọ́n:
ojú tó gbẹ bí kànga inú ọyẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan a lọ sí pálọ̀ Tísà Owóṣení,
òun nìkan ló ní fídíò ládùúgbò.
Àwa ọmọdé wà nílẹ̀, àwọn ìyá gba àga.
Bàbá mi fara ti férémù ilẹ̀kùn
bí ẹni tó wá gba òòlù rẹ̀ tó fẹ́ máa lọ.

Fíìmù náà kò dára tó bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́.
Òjìji ẹni tó gbé kámẹ́rà hàn lára ògiri.
Irùngbọ̀n bàbá àgbà inú rẹ̀ ń ṣí kúrò lágbọ̀n,
a sì ń fi í rẹ́rìn-ín
títí dé ibi tí ọkùnrin kan wọ ọsibítù
tòun ti fíláàsì ògì.
Ọmọ rẹ̀ ti kú láti àárọ̀.
Nọ́ọ̀sì mọ̀. Ẹni tó ń nulẹ̀ mọ̀. Àwa náà mọ̀.
Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá,
ó ṣí ìdérí, ó fi ọwọ́ wo ooru rẹ̀.
"Ó ṣì gbóná," ó wí.
Ó tún un wí fún ẹni tí kò bi í:
"Ó ṣì gbóná."

Ibẹ̀ ni iná lọ.

Wọ́n ń táràrà wá ìṣáná.
Nínú òkùnkùn yẹn mo gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà,
kì í ṣe ẹkún bí a ti mọ ẹkún.
Ó dà bí ìgbà tí ayùn bá kan ìṣó nínú igi,
tó ń kùn,
tí kò lè kọjá, tí kò lè padà.
Ẹni tó rí ìṣáná kò ṣá a.

Nígbà tí iná dé, Bàbá mi ń fi ọwọ́ tó ku ìka mẹ́ta nu ojú.
"Ìyẹ̀fun pákó ló kó sí mi lójú."
Tísà ní, "Pẹ̀lẹ́. Ìyẹ̀fun yẹn burú."
Ọjọ́ Àìkú ni o.
Kò sí pákó tó fara kàn láti àárọ̀
bí kò ṣe bẹ́ǹṣì tí a fi jókòó gbọ́ ìwàásù.

Fíláàsì kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa, olódòdó pupa,
tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn.
Wọ́n ní mo ní ẹ̀gbọ́n kan rí,
Akíndùró, tí kò dúró.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ìyá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀,
ó fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn,
ó sá a sórí ìgànná, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí oòrùn.
Bàbá mi ń kọjá lọ síbi iṣẹ́.
Ó fi ọwọ́ wò ó. Ó lọ.

Fíìmù yẹn kò kúkú parí. "Ẹ máa retí apá kejì" ni wọ́n kọ síbẹ̀.
Fún oṣù mẹ́ta ni Bàbá mi ń yà lọ́dọ̀ Tísà nírọ̀lẹ́,
eruku igi ṣì wà lórí ìpéǹpéjú rẹ̀:
"Ṣé apá kejì ti jáde?"
Kò bèèrè orúkọ òṣèré, kò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi.
Ó kàn fẹ́ mọ ẹni tí yóò sọ fún ọkùnrin náà,
àti bóyá wọn yóò jẹ́ kó kọ́kọ́ gbé fíláàsì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.